Ààfin Fatehpur Sikri: Ta Ni Ó Ni Iṣẹ́ Ọnà Náà?

Ó ti pẹ́ tí àwọn tí ń kọ̀wé lórí ilé àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà ti ń bá ara wọn jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: bí a bá rí ilé kan tí ó dára, ta ni kí a yìn fún un? Ní ọdún 1876 ni James Fergusson, ọmọ ilẹ̀ Scotland kan tí ó ti ṣòwò aró ẹlú ní Íńdíà kí ó tó di òǹkọ̀wé, tẹ ìwé ńlá rẹ̀ jáde lórí ìtàn ilé kíkọ́ ní Íńdíà àti ní àwọn ilẹ̀ ìlà-oòrùn mìíràn. Ọkùnrin yìí rìn, ó sì rí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò kà sí ni ó lọ wò tí ó sì yà sórí ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó tó àkókò láti tò wọ́n, ẹ̀sìn ni ó fi pín wọn bí ẹni ń pín ogún: ti àwọn ẹlẹ́sìn Búdà lọ́tọ̀, ti àwọn Jain lọ́tọ̀, ti àwọn Híńdù lọ́tọ̀, ti àwọn Mùsùlùmí lọ́tọ̀. Ní ọdún 1913 ni E. B. Havell, tí ó ti ṣe olórí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ìjọba ní Calcutta, dá a lóhùn. Ó ní pípín náà kò tọ̀nà rárá, pé èrò àti ọwọ́ ọmọ Íńdíà ni ó wà lẹ́yìn gbogbo ilé wọ̀nyí, àti pé ohun tí àwọn ọba Mùsùlùmí mú wá láti òkèèrè kò tó bí a ti ń pariwo rẹ̀.

Kí òǹkàwé má ṣe rò pé ìjà àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lásán ni èyí. Ní ọdún 2017, ìwé pélébé kan tí ìjọba ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh gbé jáde láti fi tọ́ka àwọn ibi tí ó yẹ kí àlejò lọ wò kò dárúkọ Taj Mahal, bẹ́ẹ̀ ni inú ìpínlẹ̀ náà gan-an ni Taj Mahal wà. Ariwo sọ jákèjádò Íńdíà. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí ń bèèrè ní gbangba bóyá ohun tí ọba Mùsùlùmí kọ́ lè jẹ́ ti Íńdíà rárá. Bí ìdáhùn bá wà fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ara ilé ni mo rò pé ó yẹ kí a ti wá a, kì í ṣe ẹnu àwọn òṣèlú. Nítorí náà ni mo fi mú ààfin kan ṣoṣo, èyí tí mo ti fi ẹsẹ̀ ara mi tẹ̀, kí a jọ wò ó láti òpó dé òrùlé. Taj Mahal kọ́ ni mo mú. Ibojì ni ìyẹn, gbogbo ayé ni ó sì ti yìn ín tó. Ààfin Akbar ní Fatehpur Sikri ni mo mú.

Orí òkè gbọọrọ kan ni ìlú náà wà, ní bíi kìlómítà 40 sí Agra, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Akbar gun orí ìtẹ́ ní ọdún 1556 nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 13, ó sì jọba títí di ọdún 1605. Ìtàn bí ó ṣe dé Sikri kì í ṣe àjèjì sí etí wa. Ọba ń wá ọmọkùnrin tí yóò jogún rẹ̀. Àwọn tí wọ́n bí fún un ṣáájú kò yè. Ẹni mímọ́ kan tí à ń pè ní Shaikh Salim Chishti ń gbé lórí òkè yìí. Ọba tọ̀ ọ́ lọ fún àdúrà, ẹni mímọ́ náà sì fi í lọ́kàn balẹ̀ pé ọmọ yóò dé. Ní ọdún 1569 ọmọ dé lóòótọ́, Sikri gan-an ni wọ́n sì bí i sí. Wọ́n fi orúkọ ẹni mímọ́ náà sọ ọ́, òun ni ó sì di ọba Jahangir lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Ní ọdún 1571 ni Akbar bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ààfin àti ìlú sí ibẹ̀. Ó ṣẹ́gun ilẹ̀ Gujarat láàárín ọdún 1572 sí 1573, ìlú tuntun náà sì ń jẹ́ Fatehpur, èyí tí ó túmọ̀ sí ìlú ìṣẹ́gun. Ní ọdún 1585 ó ṣí lọ sí Lahore, kò sì tún fi ibẹ̀ ṣe ibùjókòó ìjọba mọ́. Ọdún 14 péré ni gbogbo rẹ̀. Àǹfààní wà nínú èyí fún àwa tí a fẹ́ ṣe àríwísí ilé: kò sí ọba mìíràn tí ó jókòó síbẹ̀ pẹ́ títí, tí yóò máa wó, tí yóò sì máa tún kọ́. Púpọ̀ nínú ohun tí a rí níbẹ̀ lónìí ni iṣẹ́ ìran kan ṣoṣo.

Akbar kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ìdílé rẹ̀ tí ó wo ààfin Íńdíà tí ó sì ronú nípa rẹ̀. Babur, bàbá bàbá rẹ̀, tí ó fi ogun gba Delhi ní ọdún 1526, ṣe ìbẹ̀wò sí Gwalior ní ọdún 1528, ó sì rin inú ààfin tí ọba Man Singh kọ́ síbẹ̀, ọba Híńdù tí ó jẹ láti ọdún 1486 sí 1516. Babur kọ ohun tí ó rí sínú ìwé ìrántí rẹ̀. Ó yìn ín, ó sì bá a wí. Ó gbà pé iṣẹ́ ọnà ńlá ni, ṣùgbọ́n kò tẹ́ ẹ lọ́rùn pé apá kan kò bá apá kejì dọ́gba, àti pé àwọn yàrá ìsàlẹ̀ ṣókùnkùn débi pé ènìyàn ní láti tan iná kí ó tó lè rìn níbẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Mo fẹ́ràn àríwísí yìí, nítorí pé àríwísí ẹni tí ó mọ ilé ni. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè irú òrìṣà tí Man Singh ń sìn. Ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn ni ó bèèrè. Bí a bá sì wo ohun tí ọmọ ọmọ rẹ̀ kọ́ ní nǹkan bí ogójì ọdún ó lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, yóò dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ bàbá àgbà náà ni ó ń dáhùn.

Kí a tó wọlé, ẹ jẹ́ kí a wo òkúta. Òkúta pupa ni òkè náà, irú èyí tí ó ti inú iyanrìn dì láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Òkúta yìí ní ìwà kan: ó máa ń là ní pẹlẹbẹ, ó sì máa ń jáde ní gígùn, bí ẹni la pákó. Nítorí náà kò di dandan fún ẹni tí ó fi í kọ́lé láti tẹ ẹnu ọ̀nà bí ọrun, tàbí kí ó mọ òrùlé roboto bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Ó lè gbé òpó nàró, kí ó fi ìtì òkúta dábùú orí òpó, kí ó to pákó òkúta lé ìtì, kí ilé sì parí, gẹ́gẹ́ bí gbẹ́nàgbẹ́nà ti ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe é ní Fatehpur Sikri. Láti òpó dé àjà, láti àjà dé òrùlé, dé etí òrùlé tí ó nà síta láti lé oòrùn àti òjò, òkúta ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n bí igi ni wọ́n ṣe lò ó. Láàárín òpó àti àjà ni wọ́n fi ohun kan sí tí n óò máa pè ní apá òpó: òkúta gbígbẹ́ tí ó yọ jáde láti orí òpó bí ẹni na ọwọ́ gbe ẹrù. Àwa tí a ti rí òpó gbígbẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin àwọn ọba Èkìtì kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún wa pé òpó lè ṣe ju kí ó gbé òrùlé lọ.

Ta ni ó ṣe iṣẹ́ yìí? Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń sọ ìran tí ó ti wá. Àwọn ọ̀mọ̀lé Gujarat àti Rajasthan ni ó ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tí bàbá wọn ti ń kọ́ tẹ́ńpìlì Híńdù àti ti Jain láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, tí àwọn ọba Mùsùlùmí Gujarat sì ti gbà síṣẹ́ mọ́sáláṣí kí Akbar tó fi ogun dé ọ̀dọ̀ wọn. Antonio Monserrate, àlùfáà Jesuit kan tí ó dé ààfin náà ní ọdún 1580, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọba fúnra rẹ̀ a máa bá àwọn òṣìṣẹ́ gbẹ́ òkúta nígbà mìíràn. Ó tún sọ pé, kí ariwo òòlù má bàa di ọba létí, ibòmíràn ni wọ́n ti máa ń gé òkúta sí ìwọ̀n tí ó yẹ kí wọ́n tó gbé e wá tò jọ. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn tẹ́ńpìlì Sólómọ́nì yóò rántí rẹ̀ níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe pàtàkì fún wa ni pé ilé tí a lè gé ní apá kan kí a sì tò ní apá kejì kì í ṣe ilé tí ẹni tí ó rò ó fi ọkàn òkúta rò. Ọkàn igi ni ó fi rò ó.

Ibi tí èyí ti hàn jù ni ilé kékeré kan tí ó wà ní igun adágún onígun mẹ́rin tí à ń pè ní Anup Talao. Ilé ayaba ará Tọ́kì ni àwọn tí ń mú àlejò káàkiri ń pè é. Yàrá kan ni, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí ká, kò sì sí ibi tí ọwọ́ agbẹ́nà kò dé lára rẹ̀. Òpó rẹ̀ kún fún ewé àti ìtàkùn. Òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, tí ó jẹ́ òkúta, ni wọ́n fín bí ẹni pé amọ̀ sísun ni wọ́n tò lé e. Ní ìsàlẹ̀ ògiri, nínú ilé, igbó ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀: igi, ẹyẹ, kìnnìún àti àwọn ẹranko mìíràn lábẹ́ igi. Àwọn ẹranko náà kò ní orí mọ́. Ẹnìkan tí ọkàn rẹ̀ kò gba àwòrán ohun ẹlẹ́mìí ti gé e kúrò. Mo dúró pẹ́ níwájú àwọn ẹranko aláìlórí yìí. Bí agbẹ́nà ṣe mọ ìtẹ̀ ẹ̀yìn ẹranko tó, tí ó fi jẹ́ pé láìsí orí a ṣì mọ èyí tí ó ń sinmi àti èyí tí ó fẹ́ dìde, kò ṣeé kà sí kékeré.

Síbẹ̀, n kò lè gbà pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ka ilé yìí sí èyí tí ó dára jù lọ nínú ààfin náà. Àpótí ọlọ́nà ni, kì í ṣe ilé. Ojú kò rí ibi sinmi lé níbẹ̀. Bí gbogbo gbólóhùn nínú ọ̀rọ̀ bá jẹ́ òwe, etí a kọ ọ̀rọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ni ojú ṣe kọ ilé yìí lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Ó fi agbára ọwọ́ àwọn ọ̀mọ̀lé náà hàn wá, ṣùgbọ́n kò fi hàn wá ohun tí agbára náà lè ṣe nígbà tí èrò ńlá bá dé bá a.

Inú Diwan-i-Khas ni a ti rí ìyẹn. Láti ìta, ilé alájà méjì ni ènìyàn yóò pè é, onígun mẹ́rin, tí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí àwọn yòókù. Bí ó bá wọlé, yàrá kan ṣoṣo ni yóò bá, tí ó ga láti ilẹ̀ dé òrùlé, òpó kan ṣoṣo sì dúró sí àárín rẹ̀ gan-an. Igun mẹ́rin ni ìdí òpó náà ní. Bí ó ti ń gòkè ni igun rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Nígbà tí ó bá dé ìwọ̀n ìdajì gíga yàrá, apá 36 yọ lára rẹ̀ yíká, ìpele lórí ìpele, èyí tí ó wà lókè ń fẹ̀ ju èyí tí ó wà nísàlẹ̀ lọ, ẹnu wọn ká bí ewé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí. Orí àwọn apá wọ̀nyí ni pèpéle roboto kan jókòó lé. Láti ibi pèpéle yìí ni afárá òkúta mẹ́rin ti nà lọ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá, níbi tí ọ̀nà tóóró kan ti yí ògiri ká. Òpó náà kò kan òrùlé rárá. Ibi tí a ti rò pé yóò gbé òrùlé ni ó dúró, tí ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ gbé àyè tí ó tó fún ènìyàn díẹ̀ láti jókòó.

Kí ni wọ́n fi í ṣe? Ìtàn tí gbogbo ènìyàn ń sọ ni pé ọba jókòó sí àárín, àwọn ìjòyè sì dúró ní igun kọ̀ọ̀kan láti dáhùn ọ̀rọ̀. Àwọn onítàn mìíràn kò gbà. Wọ́n ní ibi tí ọba ti ń wo òkúta olówó iyebíye rẹ̀ ni. Ó tún wọ́pọ̀ kí a gbọ́ pé ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ti ń jiyàn níwájú ọba. Òótọ́ ni pé Akbar kọ́ ilé kan fún irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1575, tí ó fi jẹ́ pé Mùsùlùmí, Híńdù, Jain, àwọn ọmọlẹ́yìn Zarathustra àti àwọn àlùfáà Jesuit bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní ìlú náà. Ṣùgbọ́n Diwan-i-Khas kọ́ ni ilé náà. Ohun tí ó dá mi lójú ni pé ẹni tí ó bá dúró sórí pèpéle yẹn, ìgbákígbà tí ó bá yí ojú sí, afárá kan ń bọ̀ wá bá a. Ilé díẹ̀ ni ó ti fi òkúta sọ ohun tí ọba jẹ́ kedere tó bẹ́ẹ̀, láìfi wúrà kan sí i.

Níbo sì ni òpó yìí ti wá? Apá òpó tí ó yọ ní ìpele lórí ìpele bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn ilé gogoro mọ́sáláṣí ní Gujarat, níbi tí ó ti ń gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kékeré tí ó yí wọn ká. Ara tẹ́ńpìlì ni mọ́sáláṣí wọ̀nyẹn ti kọ́kọ́ yá a. Ní Sikri, wọ́n gbé e wọ inú yàrá, wọ́n sì fi ọba sórí rẹ̀. Ǹjẹ́ abẹ́ èwo nínú àwọn ẹ̀ka Fergusson ni kí a kọ ọ́ sí? Bí a bá kọ ọ́ sí abẹ́ Mùsùlùmí, ọwọ́ tí ó gbẹ́ ẹ yóò jẹ́ wa níyà. Bí a bá kọ ọ́ sí abẹ́ Híńdù, kò sí tẹ́ńpìlì kan tí ó ní irú rẹ̀. Kò ní ilé nínú ìwé náà.

Ilé tí ó dá Babur lóhùn ni Panch Mahal, ilé alájà márùn-ún. Bí mo bá ní kí n pè é ní ilé, àṣìpè ni, nítorí kò ní ògiri. Òpó ni gbogbo rẹ̀: 84 ní ìsàlẹ̀, 56 lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà 20, lẹ́yìn náà 12, àti 4 ní òkè pátápátá lábẹ́ òrùlé kékeré kan, àpapọ̀ wọn jẹ́ 176. Àjà kọ̀ọ̀kan kéré ju èyí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọn kò kéré ní dọ́gbandọ́gba. Ẹ̀gbẹ́ kan ni gbogbo rẹ̀ súnmọ́, tí ó fi jẹ́ pé láti ibi kọ̀ọ̀kan ni ó ti ní ìrísí tirẹ̀. Babur ìbá ti bá èyí wí. Èmi kò bá a wí. Lórí àjà kejì, òpó 56 náà kò jọ ara wọn ní ọnà. Òmíràn ní igun mẹ́jọ, òmíràn roboto, òmíràn ní ewé, òmíràn ní ohun tí ó dà bí okùn tí a fún. Ó dà bí ẹni pé wọ́n fún agbẹ́nà kọ̀ọ̀kan ní òpó tirẹ̀, wọ́n sì ní kí ó sọ tẹnu rẹ̀. Nígbà tí ààfin náà wà láàyè, òkúta tí a dá lu bí ajere wà láàárín àwọn òpó, kí àwọn obìnrin ààfin lè rí ìta láìjẹ́ pé ará ìta rí wọn. Wọn kò sí níbẹ̀ mọ́. Oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ tí mo lọ, àgbàlá òkúta pupa náà sì gbóná bí ààrò. Ṣùgbọ́n lábẹ́ àwọn òpó wọ̀nyí atẹ́gùn kò dákẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi kọ́ ilé tí kò ní ògiri, kí ó lọ síbẹ̀ ní ọ̀sán.

Ó yẹ kí n sọ díẹ̀ nípa orúkọ, nítorí orúkọ ni ó ń da ojú àlejò rú jù. Ilé tí ó tóbi jù ní ìhà àwọn obìnrin ni wọ́n ń pè ní ààfin Jodha Bai. Ìyàwó Akbar tí ó jẹ́ ọmọ ọba Rajput láti Amber, tí ó fẹ́ ní ọdún 1562, tí ó sì jẹ́ ìyá Jahangir, ni wọ́n ní ó ni ín. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé ìtàn ìgbà ayé Akbar kò pe obìnrin náà ní Jodha Bai. Oyè tí a mọ̀ ọ́n sí ni Mariam-uz-Zamani. Wọ́n sì tún fún un ní ilé kejì ní ìtòsí ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ilé Mariam, bí ẹni pé ènìyàn méjì ni. Ilé ọlọ́nà kan tún wà tí wọ́n ní ti Raja Birbal ni, ìjòyè Híńdù tí ọba fẹ́ràn nítorí ọgbọ́n àti àwàdà rẹ̀. Inú ọgbà àwọn obìnrin ni ilé náà wà. Ìjòyè wo ni yóò máa sùn láàárín àwọn ìyàwó ọba? Àwọn orúkọ wọ̀nyí dé lẹ́yìn tí ààfin ti ṣófo, n kì bá sì tilẹ̀ mẹ́nu kàn wọ́n bí kò bá ṣe pé wọ́n ń ṣe iṣẹ́ búburú kan: iṣẹ́ kan náà tí Fergusson ṣe ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ń mú kí a máa rò pé apá òpó tí ó ní ọnà Híńdù wà níbẹ̀ nítorí pé Híńdù ni ó ń gbé ilé náà, nígbà tí ó jẹ́ pé apá òpó kan náà wà ní ilé tí ọba fúnra rẹ̀ ń sùn.

Ilé Jodha Bai fúnra rẹ̀ dára púpọ̀, ó sì dákẹ́. Àgbàlá ńlá kan ni, tí yàrá yí ká ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó sì tóbi níbẹ̀. Lórí òkúta pupa gbogbo yẹn, òrùlé díẹ̀ wà tí wọ́n fi amọ̀ dídán aláwọ̀ ojú ọ̀run bò. Àwọ̀ yẹn nìkan ni wọ́n gbà láàyè láti bá pupa náà sọ̀rọ̀, ó sì tó.

Mo ti bá Fergusson wí tó. Ó ku Havell. Bí ohun gbogbo ní Sikri bá jẹ́ ti ọwọ́ àwọn ọ̀mọ̀lé Gujarat àti Rajasthan nìkan, a jẹ́ pé ààfin náà yóò dà bí ti Gwalior, tí yóò ga, tí yóò ṣókùnkùn, tí àgbàlá kéékèèké yóò sé mọ́ inú rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé náà dá dúró, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, bí àgọ́ tí wọ́n pa sí pápá. Àwọn onítàn kan ti fi í wé bí wọ́n ti ń to àgọ́ ọba nígbà tí ó bá wà lójú ogun, mo sì rò pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìran Akbar jẹ́ ìran tí ó ń gun ẹṣin kọjá pápá Éṣíà. Inú àgọ́ ni wọ́n ti máa ń jọba. Àwọn ni wọ́n mú àyè gbígbòòrò wá, àwọn ọ̀mọ̀lé Íńdíà sì mú òpó àti apá òpó wá. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi gbogbo ìyìn fún ọ̀kan nínú wọn, ìdajì ilé náà ni ó ń wó.

Inú mọ́sáláṣí ńlá ni a ti rí ibi tí àdàlù yìí kò ti dán mọ́rán tó. Níbẹ̀, ìtẹ̀ ọrun àti òrùlé roboto padà wá, nítorí pé mọ́sáláṣí ní ìlànà tirẹ̀. Iṣẹ́ tí ó dára ni, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà gúúsù rẹ̀, Buland Darwaza, ba nǹkan jẹ́. Ó ga tó mítà 54 láti ilẹ̀ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ òkè, àtẹ̀gùn 42 ni a sì ń gùn kí a tó dé ibẹ̀. Láti ìsàlẹ̀, kò sí ẹni tí kò ní ya ẹnu. Ṣùgbọ́n tí a bá ti wọ inú àgbàlá, mọ́sáláṣí tí ẹnu ọ̀nà náà yẹ kí ó ṣí fún di kékeré níwájú rẹ̀, bí ọba tí agogo ìkéde rẹ̀ ga ju àga rẹ̀ lọ. Lára ẹnu ọ̀nà yìí kan náà ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan sí ní èdè Páṣíà, tí wọ́n ní Jésù ni ó sọ ọ́, tí ó fi ayé wé afárá tí ènìyàn kò gbọ́dọ̀ kọ́lé lé. Ọba tí ó kọ́ gbogbo ìlú yìí ni ó gbà kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀; n kò mọ ẹnu ọ̀nà mìíràn tí ó bá ara rẹ̀ jiyàn tó bẹ́ẹ̀.

Gbogbo ènìyàn ni yóò sọ fún àlejò pé omi ni ó lé Akbar kúrò. Omi ṣòro níbẹ̀ lóòótọ́, adágún ńlá tí wọ́n sé lábẹ́ òkè ni ìlú náà sì gbójú lé. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1619, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn wà ní Agra, Jahangir kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá sí Sikri, ó sì lo nǹkan bí oṣù mẹ́ta níbẹ̀. Adágún náà ṣì wà nígbà náà. Ohun tí ó dájú ni pé ní ọdún 1585 ọ̀ràn ilẹ̀ ìhà àríwá-ìwọ̀-oòrùn ń pe ọba, Lahore sì súnmọ́ ibẹ̀ ju Sikri lọ. Ìjọba tí ó ti ń gbé inú àgọ́ kò ṣòro fún láti ká ẹrù rẹ̀.

Ẹni tí kò kúrò ni Shaikh Salim, tí ó kú ní ọdún 1572. Ibojì rẹ̀ wà ní àgbàlá mọ́sáláṣí, ó kéré, ó sì funfun láàárín gbogbo òkúta pupa yẹn. Mábílì ni wọ́n fi bò ó ní ẹ̀yìn ọ̀la. Àwọn apá tí ó gbé etí òrùlé rẹ̀ síta ká bí ejò tí ó nà ara rẹ̀ láti òpó dé òrùlé, irú èyí tí ó ti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀lé Gujarat wá, fèrèsé ajere rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ fi ń gba inú òkúta kọjá bí ẹni gba inú aṣọ. Ara àwọn ihò kéékèèké wọ̀nyẹn ni àwọn obìnrin tí ń wá ọmọ ń so òwú mọ́, Mùsùlùmí àti Híńdù. Lọ́jọ́ tí mo lọ, òwú náà pọ̀ débi pé apá kan fèrèsé náà ti di pupa àti àwọ̀ ìyeyè, ọmọdébìnrin kan sì dúró níbẹ̀ tí ń wá ihò tí ó ṣófo fún ìyá rẹ̀.